Ṣọ́bìrì

Rwang ní ká dín ẹrù wa kù.
Mo yọ ìwé, mo yọ dígí, mo yọ bàtà kejì.
Oyèétọ̀kí àbúrò mi kò yọ nǹkan kan,
ìkòkò irin rẹ̀ ń dún gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn lẹ́yìn rẹ̀.
Kò tíì tó aago mẹ́fà,
òtútù Jọ́ọ̀sì ti ń géni létí jẹ.

Adágún àkọ́kọ́ kò jìnnà sí Bárákín Ládì.
Ó lanjú sílẹ̀ láàrin àpáta,
àwọ̀ rẹ̀ bí ọrùn ẹyẹlé.
Mo ní, "Iṣẹ́ Ọlọ́run tóbi."
Rwang ní, "Èyí kọ́.
Bàbá bàbá mi wà nínú àwọn tó gbẹ́ ẹ.
Tánńganran ni òyìnbó ń wá.
Wọ́n wa ilẹ̀ bí ẹni wa iṣu,
wọn ò sì bo ojú ihò.
Òjò ló bá wọn dí i."

Mo dákẹ́.
Bàbá bàbá tèmi náà wọ rélùwéè ní Ọ̀fà,
ó sọ̀ ní Bùkúrù pẹ̀lú ẹní kan àti gbèsè méjì.
Ṣọ́bìrì ló ń tà fún àwọn tó ń walẹ̀.
Owó ṣọ́bìrì ló fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì
tí wọ́n bí mi sí ní Ògbómọ̀ṣọ́.
Mo wo ihò. Omi inú rẹ̀ ń wò mí.

Ọjọ́ kejì, òkè ni, òkè ni, òkè ni.
A gba àárín ọgbà oró agogo, a gba ẹ̀gbẹ́ oko ànàmọ́,
atẹ́gùn ń ti àpò ẹ̀yìn wa bí ọlọ́pàá.
Gìgísẹ̀ mi lé, ó fa omi sínú,
adágún kékeré tí ẹnikẹ́ni kò ní wá wò.
Ọmọ darandaran kan, Búúbà, dá wa dúró.
Ó wo ẹrù wa lókè, ó wò ó nísàlẹ̀:
"Kí lẹ ń tà?"
A ní a ò ta nǹkan kan.
"Ta ló ń lé yín?"
A ní kò sẹ́ni tó ń lé wa.
Ó mi orí, ó bu wàrà fún wa
bí ẹni ń bu omi fún aláìsàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, lọ́nà Pányàm,
a dé etí adágún kan tí ọwọ́ ènìyàn kò gbẹ́.
Iná abẹ́ ilẹ̀ ló yọjú síta nígbà ìwáṣẹ̀,
ó wo ayé, ayé kò wù ú, ó padà sùn,
ó fi omi bora.
A pàgọ́. Ìkòkò irin tí mo ti ń bú láti àná
ló se ácà fún wa jẹ.
Ọyẹ́ mú débi pé ìràwọ̀ ń gbọ̀n.
Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti tú.
Mo sọ ti rélùwéè. Mo sọ ti ṣọ́bìrì.
Mo sọ ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Rwang ń fi igi rú iná.
Nígbà tó pẹ́, ó ní:
"Bàbá wa máa ń sọ ọ́.
Pé ṣọ́bìrì tí òun rà lọ́wọ́ Yorùbá kan ní Bùkúrù
kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kán.
Ẹ jẹ wá ní ṣọ́bìrì kan."
Oyèétọ̀kí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.
Àpáta gbà á, omi gbà á,
èmi náà gbà á, àmọ́ nǹkan há mi lọ́fun.

Ọjọ́ kẹrin, ìsàlẹ̀ ni. Orúnkún ló mọ bó ti rí.
Mo ka adágún dé mọ́kànlá, mo jáwọ́.
Àwọn ọmọdé ń fi garawa pọn omi nínú ọ̀kan,
wọ́n ń bomi rin tòmátì.
Wọ́n juwọ́. A juwọ́.

Mo ti ra ṣọ́bìrì náà,
irin gidi, èyí tí kò ní kán.
Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.
Àlejò ń béèrè: oko wo lẹ fẹ́ dá?
Bí mo bá gbé e lọ fún Rwang,
ihò wo la óò kọ́kọ́ dí?
Àwọn ọmọ tó ń bomi rin tòmátì ńkọ́?